Ọlà Ọ̀la: orúkọ Yorùbá fún Great Expectations ti David Lean

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pe Great Expectations, fíìmù tí David Lean darí ní 1946, ní "Ìrètí Ńlá" nígbà tí a bá ṣe sọ́bútáìtù Yorùbá (ìtumọ̀ tí à ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán) fún un. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí "Ìrètí Ńlá" lára pátákó á rò pé ìwàásù ni. Láàárín 1860 sí 1861 tí Charles Dickens ń tẹ ìtàn náà jáde nínú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní expectations kọjá ohun téèyàn ń retí lọ́kàn. Dúkìá ni: owó tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi dá ẹnì kan lójú pé yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, tí àwọn oníṣòwò sì lè torí rẹ̀ tà á láwìn. Ohun tí agbẹjọ́rò Jaggers wá sọ fún Pip, ọmọ òrukàn tí ìtàn náà dá lé, nílé alágbẹ̀dẹ nìyẹn, gbèsè tí Pip sì jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí á kúkú lo "ogún". Ṣùgbọ́n òkú ló ń fi ogún sílẹ̀, ẹbí ló sì ń pín in. Olóore Pip ṣì wà láyé, kò sì bá a tan. Bí a bá kọ "ogún", òǹwòran á máa wá ìbátan kiri títí fíìmù á fi parí.

"Ọlà Ọ̀la" ni mo dá lábàá. Ọrọ̀ ni ọlà, ìgbà tí ń bọ̀ sì ni ọ̀la. Ọrọ̀ tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni ni orúkọ náà ń sọ. Ó tún bá òpin ìtàn mu nínú ìwé, nítorí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé owó Magwitch, ẹlẹ́wọ̀n tí í ṣe olóore náà, Pip kò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Ewu rẹ̀ ni àmì ohùn. Bí ayàwòrán pátákó bá yọ àmì kúrò, "Ola Ola" ló kù, orúkọ èèyàn sì ni yóò jọ. Bí fọ́ǹtì kò bá lè gbé àmì, kí wọ́n kọ "Ọlà Tó Ń Bọ̀". Kí wọ́n má sá lọ sí "Ọrọ̀ Ọ̀la", torí láìsí àmì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọn yóò kà á sí.

Ní ti irú fíìmù tó jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ "fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun". Èèyàn ni aláwọ̀ dúdú. Òǹkàwé á rò pé fíìmù nípa ẹ̀yà méjì ni. "Aláìláwọ̀" náà kò tọ́, nítorí àwọ̀ eérú oríṣiríṣi tí Guy Green, ẹni tó di kámẹ́rà mú, yà sínú fíìmù náà wà lára ohun tó gba Oscar fún ní 1948. "Fíìmù dúdú-òun-funfun" tó.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni "o" àti "ẹ". Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "Joe" lásán ni Pip ọmọdé ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò ṣe é gbọ́ lẹ́nu ọmọ Yorùbá. "Bùrọ̀dá Joe" ni mo rò pé ó yẹ, kì í ṣe "Bàbá", nítorí abẹ́ pàṣán obìnrin kan náà, ẹ̀gbọ́n Pip, ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé, ẹlẹgbẹ́ nínú ìyà sì ni wọ́n. Kí Pip máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, kí Joe máa fi "o" dá a lóhùn. Nígbà tí Joe bá wá bẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń pè é ní "sà", kí "ẹ" bọ́ sẹ́nu Joe: "Ẹ kú ilé o, sà." Ẹ má jẹ́ kó lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí Joe gan-an ń ṣe ségesège níbẹ̀, "Pip" lónìí, "sà" lọ́la. Ìtìjú tó wà nínú ìran yẹn, èdè wa lè gbé e ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tí Joe bá wá tọ́jú Pip lórí àìsàn, kí "o" padà. Magwitch ní tirẹ̀ kì í yí padà: "o" ni ní itẹ́ òkú tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, "o" àti "ọmọ mi" ni ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àbá "alágbàtọ́" fún ẹni tó ń náwó lórí Pip kò dára. Jaggers ni alágbàtọ́ rẹ̀ lójú òfin. Ẹni tó fara pamọ́ ni "olóore". Níbí, Yorùbá ràn wá lọ́wọ́: "ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àṣírí náà kò sì ní tú. Ẹ ṣọ́ra fún "ọkùnrin náà" kí Magwitch tó fi ara hàn.

"Omidan Havisham" ni kó jẹ́, bó ti wù kó dàgbà tó. Arúgbó tó ṣì wọ aṣọ ìyàwó, tó dá gbogbo aago ilé dúró, oyè náà bá a mu.

Ìyókù jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi lẹ́tà 40 fún ìlà kan. Ẹ má gba ìkìlọ̀ ẹ̀rọ gbọ́ tó bá ní ìlà ti gùn jù: "ẹ́" kò ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ̀rọ sì máa ń kà á sí méjì, "ẹ" àti àmì orí rẹ̀. Ojú wa ka "Ọlà Ọ̀la" sí 7 pẹ̀lú àlàfo, ẹ̀rọ kà á sí 8. UTF-8, ọ̀nà ìfipamọ́ fáìlì tó ń gba gbogbo lẹ́tà Unicode, ni kí ẹ fi pamọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì ìbéèrè ni yóò kún ojú fíìmù. Lẹ́tà funfun lásán á sọnù sára aṣọ ìyàwó Havisham àti ìkùukùu etí odò ní agbègbè Kent, nítorí náà, ẹ fi ìlà dúdú yí lẹ́tà ká, tàbí kí ẹ lo àwọ̀ ìyeyè.