Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ Bíbélì sétí mọ́, báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará. Ádímínì, ẹ ṣé tí ẹ ò fi orúkọ mi hàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Olùkọ́ Sunday School ni tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́ mi ní Sáàmù 23 kí n tó mọ̀wé kà. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń ṣàìsàn, wòlíì kan ní ìyá wa ló wà nídìí ẹ̀, pé kí wọ́n má jẹ́ kí màmá débẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì gbé aláìsàn kúrò ní hósípítù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́. Màmá á gbé abọ́ ọbẹ̀ wá dúró sẹ́nu géètì, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó kú, nígbà tó yá màmá náà kú, ẹ̀gbọ́n mi àti màmá ò tíì jókòó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Látìgbà náà bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "Bíbélì sọ pé", á dìde kúrò níbẹ̀. Kì í bú Ọlọ́run o, kì í sì í bá èèyàn jà, á kàn rọra dìde ni. Àràárọ̀ ni mò ń fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ sí i ní WhatsApp, ó ń kà á, kì í fèsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, mo rí Bíbélì màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó fi rìsíìtì sàmì sí inú Sáàmù. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí ọkàn ẹ̀ á fi rọ̀, tí mi ò ní tún lé e sá?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Ẹ̀mí ọkàn líle ni ìyẹn. Ẹ gbààwẹ̀ fún un, kí ẹ mú pásítọ̀ yín lọ bá a nílé láìsọ tẹ́lẹ̀, tó bá rí ìránṣẹ́ Ọlọ́run lójijì kò ní ríbi sá sí.

Alàgbà: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ààwẹ̀ yẹn dáa ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ti pásítọ̀ yẹn. Ẹni tó pe ara ẹ̀ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run ló ṣe é léṣe, ẹ wá fẹ́ kí òmíràn já wọlé tọ̀ ọ́ lójijì? Ọkàn ẹ̀ ò le, ó ń ṣọ́ ọ ni, ó sì nídìí tó fi ń ṣọ́ ọ. Àbúrò mi, ẹ lọ ka Esekieli orí 34 fúnra yín ná. Ọlọ́run ló ń bínú níbẹ̀ sí àwọn olùṣọ́ àgùntàn tó ń pa ẹran jẹ tí wọn ò bọ́ agbo, tí wọn ò wo aláìsàn sàn, tí wọ́n ń fi ipá àti ìkà ṣe olórí, ó wá ní òun fúnra òun á wá àgùntàn òun kiri. Ẹ̀gbọ́n yín lè rò pé Ọlọ́run àti wòlíì yẹn jọ wà nídìí kan náà ni. Ó yẹ kó mọ̀ pé Bíbélì tó ń sá fún ti bá irú wòlíì bẹ́ẹ̀ wí kí wọ́n tó bí òun.

Adùkẹ́: Alàgbà, ẹ ṣeun. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí nígbà tí ọkọ mi kú. Gbogbo èèyàn ń fi ẹsẹ ìlérí ránṣẹ́ sí mi, "gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere", inú á kàn máa bí mi. Sáàmù 88 ni mo rí dì mú. Ọkùnrin yẹn ń ké pe Ọlọ́run tọ̀sán-tòru, kò sì rí ìtùnú kankan, òkùnkùn ló fi parí ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi í sínú Bíbélì. Ó wá yé mi pé Ọlọ́run ò lé ẹni tínú ń bí dànù. Ẹ dáwọ́ ti WhatsApp yẹn dúró jàre. Ẹ máa pè é, ẹ bèèrè bóyá ó ti jẹun.

Bàbá Ẹ̀gbá: Ẹ jẹ́ ká rántí Àjàyí Crowther. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òsogùn, 1846 ló tó tún rí ìyá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà ni nígbà yẹn, òun náà ló ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, síbẹ̀ ìyá ò ṣèrìbọmi títí di 1848. Wọ́n jọ ń gbé, ìyá ń wo ìwà ọmọ ẹ̀. Tí Crowther bá lè dúró, ẹ̀yin náà lè dúró. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 16, Pọ́ọ̀lù ló wàásù fún Lídíà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Olúwa ló ṣí ọkàn ẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Màá dáwọ́ ẹsẹ yẹn dúró. Nǹkan kan wà tí mi ò kọ sókè o, màmá ò bá a bínú rárá, torí èmi ni mo tọ́jú wọn dópin, lálaalẹ́ tí wọ́n bá ń gbàdúrà orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá.

Adùkẹ́: Háà! Ṣé ẹ ti sọ ìyẹn fún un?

Olùbéèrè: Rárá o. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa dá kún ẹ̀bi tó ń dá ara ẹ̀ ni.

Alàgbà: Ó lè sunkún o, ẹ jẹ́ kó sun ún. Àbúrò mi, nǹkan tó ń wá nínú Bíbélì màmá lóru nìyẹn. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ kí ẹ tó dárúkọ orí àti ẹsẹ kankan, ẹ má so ìwàásù mọ́ ọn. Tó bá bèèrè ibi tí màmá máa ń kà, ẹ fi hàn án. Tí kò bá bèèrè, ẹ jọ jẹun kí ẹ máa lọ sílé.

Ìyá Ìbejì: Alàgbà, mo ti gbọ́, kí wọ́n fi pásítọ̀ sílẹ̀ ná. Àbúrò, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ, ká lè máa fi àdúrà tì yín lẹ́yìn?

Olùbéèrè: Sátidé yìí mà. Èmi nìkan ni màá lọ, màá se irú ọbẹ̀ tí màmá máa ń gbé wá.