Ojú kọ̀ǹpútà ń dúdú bí Ubuntu bá ń fi ara rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè, Gáà Àkànbí: Àsàlámù aléékù, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ṣí ibi tí àwọn ọmọ àdúgbò wa níbí ní Ìlọrin yóò ti máa kọ́ kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ la rà, oríṣiríṣi ni, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní káàdì NVIDIA tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀. Mo ti kọ fáìlì user-data, tó ní ìdáhùn sí gbogbo ohun tó máa ń béèrè, sórí fláàṣì kí Ubuntu 24.04 (ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) lè fi ara rẹ̀ sórí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tẹ nǹkan kan. Bí mo bá tan ẹ̀rọ, GRUB, ojú tí a ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ máa gbé dìde, á yọ, ọ̀rọ̀ funfun á sáré kọjá, ojú rẹ̀ á wá ṣú dùdù. Mo ti pààrọ̀ okùn, mo ti pààrọ̀ mọ́nítọ̀. Ọ̀rọ̀ iná kọ́, orí inverter la wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Àwọn òbí ti ń sanwó.

Ọmọ Ọ̀fà: Wa aléékù sàlámù, àbúrò. Má pààrọ̀ okùn mọ́. Wo iná kékeré ti hard disk níwájú ẹ̀rọ yẹn. Tó bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ, ìwọ ni o ò rí i. Nouveau ni mo fura sí, dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lè lo káàdì) tó ń bá Linux wá fún káàdì NVIDIA. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gba ojú ẹ̀rọ, àwọn káàdì kan ò sì gbọ́ tirẹ̀. Bí GRUB bá yọ, tẹ lẹ́tà e, lọ sí ìlà tó fi linux bẹ̀rẹ̀, kọ nomodeset sí i, kí dráífà yẹn má baà gba ojú ẹ̀rọ, kí o tẹ F10.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n! Ó ti yọ. Ṣé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni n ó máa tẹ èyí fún?

Àǹtí Òmù-Àrán: Rárá o. Ṣí boot/grub/grub.cfg lórí fláàṣì, kí ìlà yẹn rí báyìí:

linux /casper/vmlinuz autoinstall nomodeset ---

Fojú sí dáṣì mẹ́ta yẹn dáadáa. Ohun tó bá ṣáájú wọn, ìgbà tí o bá ń fi Ubuntu sí i nìkan ló wà fún. Ohun tó bá wà lẹ́yìn wọn á bá ẹ̀rọ wọlé, á sì máa bá a gbé. Bí nomodeset bá bá a gbé, fídíò á máa fà, torí processor nìkan ni yóò máa ya gbogbo àwòrán. Kò yẹ ká fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn náà, nínú user-data, lábẹ́ autoinstall, kọ èyí kó lè fi dráífà káàdì sí i:

drivers:
  install: true

Bí o ò bá kọ ọ́, false (rárá) ló máa wà. Space ni kí o lò, YAML, ìlànà tí a fi kọ fáìlì yẹn, ò fẹ́ tab. Kí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà níbẹ̀, kó lè rí dráífà fà.

Ará Ìgbàjà: Kí ló dé tí kò kúkú kọ nvidia-driver-550, dráífà NVIDIA fúnra wọn, sí packages, ibi tí a ń to ètò tó máa wọlé sí nínú user-data? Ìyẹn yá.

Àǹtí Òmù-Àrán: Bùọ̀dá, ó ní oríṣiríṣi ni wọ́n. Tí Quadro K600 bá wà níbẹ̀, ìran àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kepler nìyẹn, orí dráífà 470 ni NVIDIA bá a dé. 550 ò ní dá a mọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí Ubuntu wo káàdì fúnra rẹ̀, kó mú èyí tó bá a mu.

Ọmọ Ọ̀fà: Òótọ́ ni. Kí o tún yẹ Secure Boot, ààbò tí kì í gba dráífà tí kò mọ̀, wò nínú BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ. Bó bá wà ní títàn, tó sì jẹ́ pé orí ẹ̀rọ náà ni DKMS (ètò tó ń ṣe dráífà jáde fún Linux tó wà níbẹ̀) ti kọ́ dráífà, kò ní gbà á àfi kí ènìyàn jókòó tì í, kó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sójú búlúù tó ń béèrè MOK, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi ń mọ dráífà náà.

Olùbéèrè: Mo ti pa á. Ẹ̀rọ kejì parí láìfọwọ́kàn, àṣẹ nvidia-smi tó ń yẹ dráífà wò ń pe orúkọ káàdì rẹ̀. Àǹtí, K600 wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn ni n ó ṣe lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. N ó padà wá sọ bó bá ṣe rí.