Ẹ jọ̀ọ́, ibo la lè gbé ẹni tí oògùn ti wọ̀ lẹ́wù lọ n'Íbàdàn?

Àdùkẹ́ Apẹ̀tẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Àbúrò mi ọkùnrin ni. Àná ló tún gbé sílíńdà gáàsì wa lọ tà. Ibo ni wọ́n ti lè bá wa tọ́jú ẹ̀? Kíákíá ni o, màmá wa ò sùn láti ìjẹta.

Ọmọ Mápó: UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn níbí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo àrùn ọpọlọ. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ lọ gba káàdì. Bí agbára bá ká Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro ni mo fara mọ́ jù. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, kì í ṣe kí wọ́n ṣáà mú un.

Ìyá Ìbejì: Kí ló ń mu gan-an? Ọtí ni àbí kọ́lọ́rádò, irú igbó líle yẹn? Ìtọ́jú wọn ò dọ́gba.

Bọ̀dé Mọ́níyà: Ẹ má gbé e lọ ilé àdúrà o! Odidi ọdún kan ni àbúrò ìyàwó mi lò níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi dè é mọ́ òpó. Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ti bó, eṣinṣin ń bà lé e, gààrí ló ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó délé tó padà sídìí ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí Ìyè: Bọ̀dá, ẹ má pa gbogbo wa pọ̀. Ìjọ tiwa kì í de èèyàn. Àdúrà ló gba ọkọ mi lọ́wọ́ ògógóró, ọdún kẹfà rèé.

Bọ̀dé Mọ́níyà: Ṣé mo ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà ni? Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni mò ń bá wí. Ní November 2019, èèyàn 259 ni ọlọ́pàá kó jáde níbi tí wọ́n tì wọ́n mọ́ l'Ójòó. Ẹ ti gbàgbé?

Alájọṣe: Láti 2018 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe omi ikọ́ oní-kódéènì, èyí táwọn kan ń mu yó, mọ́. Àwọn tó ṣì ń tà á ló yẹ kí wọ́n kó!

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, ẹ dá mi lóhùn. Bó bá jẹ́ ọtí ojoojúmọ́ ni, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì láìsí dókítà. Bàbá mi jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé gbogbo tíì dà sí wọn láyà. Kílẹ̀ tó ṣú, gìrì ti gbé wọn. Ó máa ń pa èèyàn o.

Àdùkẹ́ Apẹ̀tẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Bàbá wa ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn n'Ísẹ́yìn, pé kò ní rẹ́ni tà á fún un níbẹ̀. A ti kọjá Mọ́níyà. Ó ń làágùn, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ ó dákẹ́.

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, ṣé ọtí ni? Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. UCH ò tíì jìnnà sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́rí padà.