Ẹni tó bá ti wo Wind River, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe rí lára yín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Tanké, Ìlọrin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti wo fíìmù yìí ló ti ń jà ràìn nínú mi, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ ládùúgbò. Ọdún 2017 ló jáde. Taylor Sheridan ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Wyoming ní Amẹ́ríkà ni ìtàn ọ̀hún ti wáyé, lórí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn Eastern Shoshone àti Northern Arapaho, ẹ̀yà méjì lára àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Yìnyín bo ibi gbogbo. Ọdẹ ìjọba kan ń tọpa ẹranko apẹranjẹ tó ń pa màlúù, àfi bó ṣe kan òkú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 nínú yìnyín, láìwọ bàtà.

Èmi àti bàbá mi la jọ wò ó. Iṣẹ́ ọdẹ ni Bàbá ṣe dàgbà ní apá Òkè-Ẹ̀rọ́ kí wọ́n tó wá bá mi gbé. Wọn ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, torí náà èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n wá fi ojú ẹsẹ̀ ọmọ náà hàn nínú yìnyín, kí ọdẹ inú fíìmù tó lanu rárá, Bàbá ti na ọwọ́ sí tẹlifíṣàn: "Ó ń sáré ni. Ṣó ò rí i pé iwájú ẹsẹ̀ rì ju gìgísẹ̀ lọ?" Ohun tí ọdẹ yẹn wá sọ fún ọlọ́pàábìnrin tó tẹ̀ lé e, ọmọ FBI, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gan-an nìyẹn! Àtìgbà náà ni Bàbá ti gba iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn ló ń sọ fún mi ibi tó ti ṣubú, ibi tí ojú rẹ̀ ti kan ilẹ̀, àti bó ṣe tún dìde. Wọ́n ní ẹni tó bá sá tó báyẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó fẹ́ yè ni.

Nínú fíìmù náà, ọlọ́pàá mẹ́fà péré ló ń ṣọ́ ilẹ̀ tó tó odindi ìpínlẹ̀ kan. Ọ̀gá wọn sọ fún ọmọbìnrin FBI náà pé níbi tó wá yìí, kò sí pé à ń dúró de ẹni tó máa kún wa lọ́wọ́. Bàbá mi orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé ní Kwara Gúúsù lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí mọ ìdí tí wọ́n fi mi orí. Oṣù kejì 2024 ni àwọn agbébọn wọ ààfin Kòrò, tí wọ́n pa ọba nínú ilé ara rẹ̀. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ ń wọgbó.

Ẹ sọ tiyín.

Nọ́ọ̀sì kan, Ìlọrin

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú dókítà tó yẹ òkú náà wò torí pé kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n pa á ni. Èmi ò bá wọn bú u. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nínú fíìmù, bí ọmọ náà ṣe ń sáré tó ń mí gúlegúle, afẹ́fẹ́ tútù yẹn ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Òun ló pa á. Dókítà náà rí i kedere pé wọ́n fipá bá a lò pọ̀, àmọ́ ohun tó rí ló lè kọ. Bẹ́ẹ̀, tí kò bá ti kọ ìpànìyàn sínú ìwé, FBI ò ní rán èèyàn kún ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n rán wá.

Ibi tó ká mi lára jù nìyẹn. Kò sí ẹni tó ṣe ìkà nínú yàrá yẹn, síbẹ̀ ìwé kan ṣoṣo ti fẹ́ pa ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ rẹ́. Èmi náà máa ń kọ ìwé lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń rántí ọmọ yẹn.

Ọmọ Ọ̀fà

Fíìmù náà dáa, mi ò jiyàn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òyìnbó méjì, Jeremy Renner tó ṣe ọdẹ àti Elizabeth Olsen tó ṣe ọmọbìnrin FBI, ló wà níwájú látìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú ìtàn àwọn onílẹ̀. Gil Birmingham tó ṣe bàbá ọmọ náà kò ju ìgbà díẹ̀ lọ lójú fíìmù, bẹ́ẹ̀ òun ló pa mí lẹ́kún. Lápá ìparí, ó jókòó síta, ó kun ojú. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Ó ní òun ò mọ̀, òun kàn dá a ṣe ni, torí kò sẹ́ni tó kù tó lè kọ́ òun.

Ẹ̀yin ará ilé, mo dá fíìmù dúró níbẹ̀, mo pe ìyá mi àgbà ní Ọ̀fà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí wọ́n ki oríkì ìdílé wa kí n gbà á sórí fóònù. Wọ́n kì í tán, wọ́n tún kì í.

Ìyá kan, Ìfẹ́lódùn

Èmi ò lè wò ó tán. Wọ́n ti jí ẹ̀gbọ́n mi gbé rí lọ́nà oko. Ẹni tí irú ẹ̀ ò bá ṣẹlẹ̀ sí kò lè mọ bí fóònù ṣe máa ń dún létí èèyàn nígbà tí kò dún. Ọlọ́run dá a padà fún wa, àwọn míì ò rí tiwọn gbà. Nígbà tí ìyá ọmọ náà wà nínú yàrá tó ń fọ̀bẹ ya ara rẹ̀, mo pa tẹlifíṣàn. Ọkọ mi ní ṣe bí eré ni. Mo ní fún ta ni?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Tanké, Ìlọrin

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ọ̀fà, òótọ́ lẹ sọ. Ohun kan tí mo fi yin fíìmù náà ni ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ ní ìparí: pé kò sẹ́ni tó ń ka iye obìnrin àwọn ẹ̀yà yìí tó sọnù. Ní 2020 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, Savanna's Act àti Not Invisible Act.

Ìyá wa, tó bá wù yín láti parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má dá nìkan wò ó. Tí ọmọbìnrin FBI bá ti kan ilẹ̀kùn ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibi ìwapo, ẹ fò ó títí tí ìbọn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ náà hàn, kò yẹ kẹ́ ẹ rí i.