Àwọ̀ tí mo máa ń rí nígbà tí èmi àti ọkọ mi bá wà papọ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kétu. Láti kékeré ni ìró ti máa ń ní àwọ̀ lójú mi. Pupa ni ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Synesthesia ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe àìsàn, ó sì sábà máa ń wà nínú ẹbí. Bí ọkọ mi bá fọwọ́ kàn mí lórí ibùsùn, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n á máa tàn kálẹ̀ bí adùn náà ṣe ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí rédíò aládùúgbò bá ké, eérú ni gbogbo rẹ̀ á dà, ara mi á sì tutù. Òun rò pé ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ òun ni. Ta ló ti ṣàlàyé irú èyí fún ẹnìkejì rẹ̀ rí, báwo lẹ sì ṣe sọ ọ́ tí kò fi rò pé orí yín ti dàrú?