Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó bí iná, a kò sì tíì mọ ohun tó fà á

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń jó bí ìgbà téèyàn tẹ ẹyín iná, àgàgà lóru. Aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n kọ́kọ́ fi iná mànàmáná yẹ iṣan ìmọ̀lára mi wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ó dùn mí, àfi bíi pé mò ń parọ́! Dókítà mìíràn níbí ní London ló ṣàlàyé pé àyẹ̀wò yẹn kì í rí àwọn iṣan tín-ín-rín. Ó gé awọ bíńtín lókè ọrùn ẹsẹ̀ mi, èsì sì fi hàn pé wọ́n ti dín kù.

Kí ló wá ń pa wọ́n? HbA1c mi (àyẹ̀wò tó ń fi ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta hàn) dára, fítámì B12 pé, kò sí HIV, n kì í mutí. Mo gbọ́ pé àyẹ̀wò ṣúgà oníwákàtí méjì lè rí ohun tí HbA1c kò rí. Ojú àti ẹnu mi sì máa ń gbẹ; àbí àrùn Sjögren ni, èyí tí agbára ìdáàbòbò ara fi ń ba ibi tí omijé àti itọ́ ti ń wá jẹ́? Mo tún lo oògùn isoniazid rí fún ikọ́ ife; àbí òun ló ba iṣan mi jẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ìdí tiyín, ẹ jọ̀ọ́, àyẹ̀wò wo ló tú u fó?