Bí a ṣe ń pààrọ̀ àwọ̀ akọni inú géèmù láìba àwòrán rẹ̀ jẹ́

Ìyá Démiládé, Peckham

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 10, ń fi Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù, ṣe géèmù kékeré kan ní ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé rẹ̀. Láti orí OpenGameArt, ìkànnì tí àwọn ayàwòrán ń kó àwòrán géèmù sí, ni ó ti mú àwòrán akọni kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yà fún ìdíje Liberated Pixel Cup ní ọdún 2012. Òyìnbó ni akọni náà, irun rẹ̀ sì dà bí koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ mi ní òun fẹ́ kí ó dúdú bí òun, kí ó sì wọ àdìrẹ bíi ti bàbá òun. Mo ṣí àwòrán náà nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, mo ń fa Hue-Saturation, irinṣẹ́ tó ń yí àwọ̀ padà, síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ara akọni náà bá ti ń dúdú ni irun, bàtà àti idà rẹ̀ ń bá a dúdú, tí ojú rẹ̀ sì ń pòórá. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Bàbá Ayọ̀, Houston

Ìyá Démiládé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ẹ ṣe dà bí ìgbà tí ènìyàn ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró láìkọ́kọ́ dì í. Kò sí ibi tí aró kò ní dé. Irú àwòrán yìí kì í ṣe fọ́tò. Àwọ̀ inú rẹ̀ níye, ẹ sì lè kà wọ́n. Nínú ẹ̀rọ Nintendo tí ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, palette kan (ìyẹn àkójọ àwọ̀ tí àwòrán lè lò) fún àwòrán tó ń rìn kò gbà ju àwọ̀ 3 lọ, yàtọ̀ sí ibi tí kò ní àwọ̀ rárá. Nínú Super Nintendo tó tẹ̀lé e, ó di 15. Nítorí ọ̀wọ́n àyè yìí ni ìkùukùu àti igbó inú Super Mario Bros. ṣe jẹ́ àwòrán kan náà, funfun ní ojú ọ̀run, àwọ̀ ewé ní ilẹ̀. Ẹ̀rọ òní kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ayàwòrán ṣì ń fi àwọ̀ díẹ̀ ṣiṣẹ́, èyí sì ni yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ má tíì gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́. Ìrìn akọni yín jẹ́ àwòrán 9 lórí ìlà kan, ìlà 4 fún apá mẹ́rin tó lè kọjú sí. Bí ẹ bá gé e kí ẹ tó pààrọ̀ àwọ̀, iṣẹ́ ìgbà 36 ni ẹ fẹ́ ṣe yẹn. Ẹ lọ sí Image, Mode, lẹ́yìn náà Indexed, èyí tó ń jẹ́ kí àwòrán lo palette tirẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe palette fúnra rẹ̀, kí dithering, ìyẹn fífi àmì kéékèèké da àwọ̀ pọ̀, sì wà ní None. Bí àwọ̀ inú rẹ̀ kò bá ju 255 lọ, ọ̀kankan kò ní sọnù. Ẹ wá Colormap lábẹ́ Windows, Dockable Dialogs, ẹ ó sì rí gbogbo àwọ̀ akọni náà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a pàtẹ. Ẹ tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yí i padà, gbogbo ibi tí àwọ̀ yẹn wà yóò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọ̀ ara ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ akọni di aláwọ̀ dúdú kàn máa ń fi dúdú kún àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ni, ara ẹni náà a sì rí bí eérú. Ó máa ń dùn mí, nítorí àwọ̀ ara wa kì í ṣe àwọ̀ òyìnbó tí a da èédú sí. Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ yín nínú oòrùn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà ń dán bí idẹ, ibi òjìji sì ń fà sí pupa àti àlùkò. Ẹ gbìyànjú àwọn nọ́ńbà àwọ̀ wọ̀nyí: #A8714A fún ibi ìmọ́lẹ̀, #7A4A2E fún àárín, #4E2A26 fún òjìji, àti #2A1519 fún ìlà tó yí ara ká. Lẹ́yìn #, àmì méjì àkọ́kọ́ dúró fún pupa, méjì àárín fún àwọ̀ ewé, méjì ìkẹyìn fún àwọ̀ aró. Ẹ ó rí i pé bí ara ṣe ń ṣókùnkùn sí i, àwọ̀ ewé ni ó ń tètè dín kù, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá dé ìlà ara, àwọ̀ aró ti borí rẹ̀. Ojú tó ń pòórá sì rọrùn: ìlà ojú ti sún mọ́ àwọ̀ ara jù. Ẹ mú ibi ìmọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ má sì fọwọ́ kan funfun ẹyinjú.

Ìyá Démiládé, Peckham

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ara ti dúdú, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbànú rẹ̀ náà yí padà pẹ̀lú òjìji ara.

Bàbá Ayọ̀, Houston

Àwọ̀ kan náà ni ayàwòrán lò fún méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun, ẹ̀wù àti bàtà Mario ti ọdún 1985 ṣe jọ ń lo àwọ̀ kan. Ẹ padà sí àwòrán àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì wà ní RGB, kí ó tó di Indexed, ẹ mú Bucket Fill, irinṣẹ́ tó ń da àwọ̀ sí ibì kan, kí threshold rẹ̀ jẹ́ 0 kí ó má baà kun àwọ̀ tó kàn jọ ọ́, kí ẹ yàn án pé kí ó kun ibi tó so pọ̀ nìkan, kí ẹ wá fi àwọ̀ kan tí kò sí níbòmíràn nínú àwòrán náà kun ìgbànú. Ẹ ó ṣe é fún ìgbànú inú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó sì gba sùúrù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lọ sí Indexed. Ìgbànú yóò ti ní ààyè tirẹ̀ nínú Colormap.

Fúnmi, Leeds

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ìwọ̀nba tí mo fẹ́ fi kún un. Ẹ má ṣe fi irú àwòrán yìí pamọ́ bíi JPEG láéláé, nítorí JPEG máa ń da àwọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn pọ̀, akọni tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 á sì di ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. PNG ni kí ẹ máa lò. Bí ẹ bá fẹ́ mú un tóbi, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2 tàbí 4, kí Interpolation, ìyẹn dída àwọ̀ pọ̀ nígbà tí àwòrán ń tóbi, sì wà ní None, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí rẹ̀ á dà bí ohun tí a rí nínú ìkùukùu. Bí ẹ bá sì fẹ́ tún ibì kan ṣe lọ́wọ́, Pencil ni kí ẹ mú, kì í ṣe Paintbrush, nítorí etí Paintbrush máa ń rọ̀, ó sì ń dá àwọ̀ tuntun sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn ayàwòrán náà sínú géèmù ọmọ. Àṣẹ tí wọ́n fi àwòrán Liberated Pixel Cup sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ béèrè fún un, ó sì ní kí ẹni tó bá pín èyí tó tún ṣe pín in lábẹ́ àṣẹ kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Ìyá Démiládé, Peckham

A ti kọ orúkọ wọn, àbúrò mi. Ó ku àdìrẹ. Mo gbìyànjú láti ya ọnà rẹ̀ sí ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ó kàn rí wúruwùru ni, tí akọni bá sì ń rìn, ó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì.

Bàbá Ayọ̀, Houston

Àyè kò tó, Ìyá Démiládé. Inú pixel 64 níbùú àti 64 lóròó, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni odindi akọni náà ń gbé. Ẹ̀wù rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ìyẹn, kò sì lè gba ọnà ìyá alàdìrẹ. Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹ̀wù di aró ní ìpele 3, kí èyí tó ṣókùnkùn jù sún mọ́ ẹtù. Ẹ wá mú aró tó mọ́lẹ̀ gan-an, kì í ṣe funfun pátápátá, kí ẹ fi tò pixel díẹ̀ sí àyà. Ẹ̀wù ń ṣẹ́jú nítorí pé ọnà náà kò sí ní ibì kan náà láti àwòrán dé àwòrán. Ẹ ka iye pixel láti ọrùn wá sí ọnà náà, kì í ṣe láti òkè àwòrán, nítorí ara máa ń lọ sókè sódò nígbà ìrìn. Fún àwọn àwòrán tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ẹ yọ apá kan ọnà náà kúrò.

Ìyá Démiládé, Peckham

Pixel 3 ni ọmọ mi yàn, ó ní bí ẹsẹ̀ àdìrẹ bàbá òun ṣe tò nìyẹn. Mo kà á láti ọrùn gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí, a gé àwòrán 36 náà, a sì kó wọn sínú Scratch ní alẹ́ àná. Ó ń rìn, kò sì ṣẹ́jú mọ́.